Ìṣílé Láìsí Agboolé: Ta Ni À Ń Tàn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Ìbàdàn òde òní, ilé wo gan-an ni à ń wò? Ṣé ilé alájà méjì tí bàbá ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Akóbọ̀ ni, tàbí agboolé tí wọ́n ti bí bàbá bàbá rẹ̀ ní Bẹẹrẹ? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà. Bí a kò bá tètè dáhùn rẹ̀, ìran kan ń bọ̀ tí yóò ní ilé ṣùgbọ́n tí kò ní ní ìdílé.

N kò bá ilé tuntun jà. Ẹni tó bá kọ́ ilé, ó yẹ kí a bá a yọ̀, kí a sì gbàdúrà pé yóò pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni irú ìṣílé tó gbòde kan báyìí. Wọn á fi àgọ́ dí títì, aṣọ ẹbí á jáde, olórin á máa ki onílé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá mọ́gàjí agboolé onílé lọ síbẹ̀, ẹ lè má rí i. Bí ẹ bá sì rí i, ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí, lẹ́yìn àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti àwọn olóṣèlú. Ní ọjọ́ kejì, onílé á ti géètì rẹ̀, òun àti agboolé ló di ó dàbọ̀. Ọdún á dé, ọdún á lọ, kò ní yọjú. Irú ìṣílé bẹ́ẹ̀, ìtìlẹ̀kùn ni mo pè é.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí agboolé jẹ́ ní ìlú yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun sọ Ìbàdàn di àgọ́ ogun. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀, ó kó ẹbí, ọmọ ogun àti àwọn tó sá di í jọ sí ojú kan. Láti ibẹ̀ ni àwọn agboolé tó yí Mápó, Bẹyẹrúnká àti Ọjàaba ká ti jáde. Orúkọ Ọjàaba fúnra rẹ̀ ń rán wa létí Ìba Olúyọ̀lé. Síbẹ̀, ọmọ pọ̀ ní Ẹ́sítéètì Olúyọ̀lé tí kò mọ̀ bóyá èèyàn tàbí òkè ló ń jẹ́ Olúyọ̀lé. Ọ̀nà tó lọ sórí ìtẹ́ Olúbàdàn pàápàá, ẹnu ọ̀nà agboolé ló ti bẹ̀rẹ̀: ẹni náà yóò kọ́kọ́ jẹ mọ́gàjí ìdílé rẹ̀, kó tó di Jagun, kó tó máa gun àkàsọ̀ oyè tó lé ní 20. Bí agboolé bá wó, kí ni ìtẹ́ yóò dúró lé?

Ẹnìkan lè sọ pé kì í ṣe òní ni agboolé ti ń tú. Òótọ́ ni. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, tó fi ayé sílẹ̀ ní 2022, ti kọ̀wé láti àwọn ọdún 1960 lórí bí àwọn agboolé ńláńlá ṣe ń pín sí ilé kéékèèké láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ rẹ̀. Nígbà náà, ọmọ ń wó ògiri, ó ń kọ́ tirẹ̀ sórí ilẹ̀ kan náà. Ògiri ló pín, èèyàn kò lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ẹ́sítéètì Bódìjà ní ìparí àwọn ọdún 1950, èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń kó lọ. Nígbà tí ògiri kò bá so wá pọ̀ mọ́, kí ló kù tó lè so wá? Ọdún ni. Ọjọ́ ọdún nìkan ló kù tó lè kó ọmọ Akóbọ̀ àti ọmọ Bẹẹrẹ jókòó sórí ẹní kan náà.

Èdè wa ti sọ èyí fún wa tipẹ́. Ọdún tí àwọn Mùsùlùmí ayé fi ń pa ẹran, Yorùbá kò pè é ní ọdún ẹran. Iléyá la pè é: ilé ti yá, ó tó àkókò láti relé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún Òkèbàdàn, tí Abọkè jẹ́ olórí àwòrò rẹ̀. Àṣà ọjọ́ náà ni pé a kì í dáná, kí gbogbo ilé lè rántí ìgbà tí Lágelú àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà lórí òkè, tó jẹ́ pé òro àti ìgbín ni wọ́n fi gbéra. Kí ló lé wọn dé orí òkè? Ìtàn tí àwọn baba wa sọ ni pé wọ́n tú aṣọ egúngún lójú ọjà, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ogun sì pa ìlú náà run. Ìlú tí irú ìtàn báyìí wà lẹ́nu rẹ̀ kò yẹ kó tún máa fi ohun ìdílé ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà jíjìn. Àwọn Telugu, tí ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh àti Telangana ní orílẹ̀-èdè Íńdíà jẹ́ ilé wọn, ń kọ́ ilé tuntun bíi tiwa. Tí wọ́n bá ń ṣílé, wọn á se wàrà nínú ilé náà títí yóò fi hó kún àkúnwọ́sílẹ̀, láti fi tọrọ ọ̀pọ̀, àwọn àgbà ìdílé á sì wà ní ìjókòó. Bí ọdún Sankranti bá dé ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Hyderabad á máa wọ́ tìrítìrí nínú ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú àti abúlé wọn. Hyderabad yìí, ìlú àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ọmọbìnrin tó ń bá ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ á dé ilé ìyá rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya ọnà sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀làjú kò dí wọn lọ́wọ́. Kí ló wá dí àwa lọ́wọ́, tí Akóbọ̀ sí Bẹẹrẹ kò gbà ju ìrìn wákàtí kan lọ?

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ẹ̀sìn kò gbà á. Ta ló ní kí ẹ bọ ohunkóhun? Kí ọmọ mọ èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ kò sọ ọ́ di abọ̀rìṣà, gẹ́gẹ́ bí kíka ìwé ìtàn ogun kò ṣe sọ wá di jagunjagun. Wọ́n tún ní ìjà àti ìlara ló kún agboolé. Níbo ni ìjà kò sí? Ilẹ̀ ìdílé tí ẹni méjì tà mọ́ ogún ènìyàn lójú, àìyọjú àwọn ogún náà ló fún àwọn méjì láyè. Wọ́n ní àwọn jàǹdùkú ti ba ọdún jẹ́. Èyí ló dùn mí jù, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọlọ́gbọ́n ìdílé bá sá kúrò lójúde, ta ni wọ́n fi ojúde sílẹ̀ fún?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kàn wá. À ń kọ́ ọmọ ní ìṣọmọlórúkọ, ìsìnkú àti ọdún ìbílẹ̀. Ọmọ á há a sórí, á gba máàkì. Mo bi odidi kíláàsì kan léèrè pé agboolé wo ni wọ́n ti wá. Nọ́ńbà ilé àti orúkọ àdúgbò ni ọ̀pọ̀ wọn dá mi lóhùn. Àwọn díẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ni àwọn tí òbí wọn kò rí owó kó kúrò lábẹ́ Mápó. Àwọn tí à ń pè ní ọmọ tálákà ni oríkì wà lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọ olówó, àdírẹ́sì ló wà lẹ́nu tiwọn.

Nítorí náà, ohun tí mò ń fẹ́ kò pọ̀. Kí onílé tuntun kọ́kọ́ lọ sọ ní agboolé kó tó pín káàdì ìṣílé. Kí olórí ẹbí jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wọlé, kó fi obì, Kùránì tàbí Bíbélì gbàdúrà, bí ìdílé bá ṣe ń ṣe é. Kí ó jẹ́ pé, ó kéré tán, ọdún kan nínú àwọn ọdún wa ni a ó máa kó ọmọ lọ ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àmúrelé: orúkọ agboolé, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, oríkì rẹ̀ àti èèwọ̀ rẹ̀, láti ẹnu àgbà, kì í ṣe láti inú ìwé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró de òbí yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ lọ.

Ibojì àwọn baba wa wà nínú àwọn agboolé wọ̀nyẹn. Bí Iléyá bá tún dé, níbo lẹ ó wà? Ibi tí ẹ bá mú ọmọ yín lọ lọ́jọ́ náà ni yóò máa pè ní ilé.