Ọ̀rá ara ẹni tàbí àpò sílíkóònù: èwo ló sàn fún obìnrin?

Lọ́dún 1962, obìnrin kan tó ń jẹ́ Timmie Jean Lindsey lọ sí ọsibítù nílùú Houston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè bá a pa àwòrán tí wọ́n fín sí i láyà rẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti bi í bóyá yóò fẹ́ kí ọyàn rẹ̀ tóbi sí i. Ó gbà, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi àpò sílíkóònù sí lọ́yàn.

Lónìí, ọ̀nà ti di méjì. Ẹni tó bá gba àpò lè yan bí ó ṣe fẹ́ kó tóbi tó, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni wọ́n máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àlejò ni àpò nínú ara. Ó lè bẹ́. Ẹran ara tó yí i ká sì lè le, kó máa fún un mọ́ra. Àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ gbangba pé àpò kì í ṣe ohun àlòkú. Ẹni tó bá gbà á lọ́mọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ yóò tún padà sábẹ́ ọ̀bẹ. Lọ́dún 2010, àṣírí tú ní ilẹ̀ Faransé pé sílíkóònù tí kò yẹ fún ara ènìyàn ni ilé iṣẹ́ PIP ń lò. Lọ́dún 2019, ilé iṣẹ́ Allergan kó àwọn àpò rẹ̀ tí ara wọn rí ṣákiṣàki kúrò lọ́jà nítorí irú àrùn jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n.

Ní ti ọ̀rá, ikùn tàbí itan obìnrin fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ gún un sínú ọyàn. Ara kì í kọ ohun tirẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dúró. Ìdajì lè yọ́ dànù. Obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè rí ọ̀rá tó pọ̀ fà. Èyí tó bá sì kú síbẹ̀ lè di kókó líle, tí dókítà yóò ní láti yẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ ni. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹwà ní Amẹ́ríkà fi takò ó lọ́dún 1987, kí wọ́n tó yí ohùn padà lọ́dún 2009.

Nítorí náà, ẹni tó ń fẹ́ ọyàn tó tóbi gan-an, àpò ló lè fún un; ẹni tí díẹ̀ tó, tó sì lọ́ràá lára, kó béèrè nípa ọ̀rá. Ṣùgbọ́n kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, kó bi dókítà pé: bí nǹkan bá yíwọ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i, ta ni yóò tún un ṣe, èló sì ni? Abéèrè kì í ṣìnà.