Ẹ Má Gba Ínhélà Lọ́wọ́ Ọmọ Ọlọ́run

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí le díẹ̀, ó sì lè bí àwọn kan nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀, a kò lè dákẹ́.

Ẹ mọ àṣà kan tó ti wọ ọ̀pọ̀ ìjọ wa. Bí ìsìn ìwòsàn bá gbóná, ẹni tó ń wàásù yóò ní kí àwọn aláìsàn kó oògùn wọn jáde, kí wọ́n sọ ọ́ nù gẹ́gẹ́ bí àmì ìgbàgbọ́. Ẹni tó ní ásímà yóò yọ ínhélà rẹ̀ nínú báàgì, yóò jù ú síwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ yóò sì kígbe Halelúyà. A ń sọ ọ́ gbangba pé èyí kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ìwà ìkà ni, bí ẹni tó ń ṣe é kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìkà ni òun ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àìsàn yìí jẹ́. Ásímà kì í ràn. Àwọn ihò tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé inú ẹ̀dọ̀fóró ni inú wọn máa ń wú, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń dí, tí iṣan ara wọn sì máa ń fún. Àyà á máa dún bí fèrè, èémí á sì nira láti mí jáde. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní ègún ìdílé. Ṣùgbọ́n imú gbọọrọ náà ń rìn nínú ẹbí, a kò sì tíì lé ẹ̀mí èṣù kúrò nínú imú ẹnikẹ́ni.

Ohun tó sọ ásímà di ẹlẹ́tàn ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹni tó ń mí gúlegúle lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lè máa jó nínú ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Síbẹ̀, wíwú inú ihò yẹn lè ṣì wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Nítorí náà, ẹ wò ó: arábìnrin kan ju ínhélà nù, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ara dá, ó bọ́ síwájú, ó jẹ́rìí. Ìjọ gba ẹ̀rí náà. Nígbà tó yá, ọyẹ́ dé, eruku dé, èémí sé lóru, kò sì sí ínhélà nílé. Ta ni yóò wá jẹ́rìí èyí? Ẹni tó kú kì í gba máíkì. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé ní ọdún 2019, ásímà bá ènìyàn 262 mílíọ̀nù jà, ó sì pa 455,000. Àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ ikú náà ti ṣẹlẹ̀.

Oríṣi oògùn méjì ló wà, gbogbo ìdílé sì gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkínní ni ínhélà aláwọ̀ búlúù tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Ventolin. Ó ń tú iṣan tó fún, èémí á já gaara láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ, kò sì lè wo wíwú náà. Èkejì ni ínhélà adènà, tó ní steroid bíi beclometasone tàbí budesonide nínú. Èyí ló ń mú kí wíwú náà lọ sílẹ̀. Bí dókítà bá ní kí a máa fà á lójoojúmọ́, a óò máa fà á, ara ìbáà dá tàbí kí ó má dá, a ó sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí pé kì í fúnni ní ìtura lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ ń pa á tì. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ní 2019, GINA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà, sọ pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ láti ọmọ ọdún 12 sókè má ṣe gbára lé irú ínhélà búlúù nìkan mọ́. Agolo kan sábà máa ń ní fífà 200. Ẹni tó ń lo agolo mẹ́ta lọ́dún ti ń súnmọ́ ewu. Ẹni tó ń lo méjìlá, ikú ló ń bá ṣeré.

Ẹ lè bi wá pé, ṣé Ọlọ́run kò wo aláìsàn mọ́ ni? Ó ń wò ó, a sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n Hesekáyà gba ìlérí ìwòsàn láti ẹnu wòlíì, síbẹ̀ wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀ (2 Àwọn Ọba 20). Pọ́ọ̀lù, tí aṣọ ara rẹ̀ pàápàá wo aláìsàn, gba Tímótì nímọ̀ràn ohun tí yóò lò fún inú rẹ̀ (1 Tímótì 5). Lúùkù sì jẹ́ oníṣègùn. Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Jésù wò, ọ̀dọ̀ àlùfáà ló rán wọn lọ, àwọn tí òfin fún ní iṣẹ́ àyẹ̀wò (Lúùkù 17). Bí Olúwa bá wo ọ nítòótọ́, lọ fi ara rẹ han dókítà. Ohun èlò wà tí wọn yóò ní kí o fẹ́ atẹ́gùn sí láti mọ agbára èémí rẹ. Bí ó bá dára, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀. Ìwòsàn Ọlọ́run kì í bẹ̀rù àyẹ̀wò. Ó sì yà wá lẹ́nu pé oníwàásù tó ní kí ọmọ ọlọ́mọ ju ínhélà nù, òun fúnra rẹ̀ kò bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ka Bíbélì.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì wà lábẹ́ èyí, òun ni a kì í fẹ́ sọ. Àwọn kan wà tí ásímà wọn le tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n oògùn ńlá pàápàá kò fi ká a; kí irú wọn lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ásímà líle, ásímà tí kò rí oògùn tó yẹ ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GSK, tí ń ta Ventolin àti Seretide, kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, ní àsìkò tí náírà náà ti ń já wálẹ̀. Ínhélà wọ́n lójà, owó rẹ̀ sì fò kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Ẹni tí kò rówó rà á á gba kẹ́míìsì lọ, wọ́n á fún un ní hóró prednisolone. Oògùn yẹn ń gba ẹ̀mí là bí dókítà bá fi ọjọ́ mélòó kan sí i, ṣùgbọ́n bí a bá ń jẹ ẹ́ léraléra, ó lè fa ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti egungun tí kò lágbára. Ẹni tó sì ti pẹ́ lórí rẹ̀, ewu ńlá ni kí ó dá a dúró lójijì, níwájú pẹpẹ tàbí níbikíbi.

Budesonide àti èyí tó pa á pọ̀ mọ́ formoterol wà nínú ìwé oògùn kòṣeémàní tí WHO ń tẹ̀ jáde. Ní Abuja níbí, ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìsúnná wọn fún ìlera. Nàìjíríà kò mú un ṣẹ. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wọ ètò náà, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún aláìní. Ta ló ń béèrè ibi tí ó dé? Nígbà tí a bá sọ fún aláìsàn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó, ìjọba ni a dá sílẹ̀, tálákà ni a sì di ẹ̀bi rù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn: ẹ kéde láti orí pẹpẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju oògùn nù. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, pàápàá ti yàrá àwọn ọmọdé. Bí ìjọ bá lè dáwó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó lè dáwó ra ínhélà adènà fún aláìní. Ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ẹ bi í nípa àpò aláìní náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ bí a ṣe ń fa ínhélà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn. Fún ọmọdé, ike omi 500 mílílítà tí a gbẹ́ ihò sí ìdí rẹ̀ fún ẹnu ínhélà lè ràn yín lọ́wọ́. Àwọn dókítà ní Cape Town fi hàn ní 1999 pé ó ṣiṣẹ́ bí èyí tí a ń rà. Ẹ mú ẹfin igi, sìgá àti kọ́ìlì ẹ̀fọn kúrò nílé. Bí èémí bá sé, ẹ gbé aláìsàn jókòó, ẹ má dá a dùbúlẹ̀. Ẹ fún un ní ti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan, fífà 4 títí dé 10. Bí kò bá fi í lára balẹ̀, bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, tàbí bí ètè rẹ̀ bá ń yí àwọ̀ padà, ilé ìwòsàn yá. Ẹ má dúró kí àdúrà parí. Ẹ gbàdúrà nínú ọkọ̀.

Ọlọ́run tó mí èémí ìyè sínú Ádámù kò ní bínú sí ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ Rẹ̀ mí. Kí Ó fún wa ní ọkàn àánú àti ẹnu tí kò ní dákẹ́. Àmín.