Owó oṣù kọ́ ni a fi ń díye lé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe

Ìyá tó ń ta láfún lọ́jà Ayétòrò kò ní ta á ní iye tó rà á lóko. Yóò ka owó ọkọ̀ àti owó aláàárù, yóò tún ro ti èyí tí òjò lè bà jẹ́ mọ́ ọn, kí ó tó dá oníbàárà lóhùn. Ó yani lẹ́nu pé ọmọ tí ìyá yìí bí, tó mọ iṣẹ́ jórinjórin tàbí iṣẹ́ iná dáadáa, kì í ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ tó di agbaṣẹ́ṣe.

Irú wọn kò wọ́n ní ilẹ̀ Yewa. Láti ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote ti ń ṣiṣẹ́ ní Ibese, Pólì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìlaròó náà sì ń kó onímọ̀ ẹ̀rọ jáde lọ́dọọdún. Bó pẹ́ bó yá, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan á fẹ́ dá dúró. Àwọn mìíràn sì wà tí ọ̀gá á pè, tí á ní kí wọ́n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa wá ṣe iṣẹ́ kan náà bí agbaṣẹ́ṣe: iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ni wọn yóò máa gbà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyà wà.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní ọmọkùnrin kan ń gba N150,000 lóṣù fún iṣẹ́ ọjọ́ 25. Bó bá pín in, N6,000 lójúmọ́ ni, òun ló sì ń pè fún oníbàárà. Ta ló sọ fún un pé yóò rí iṣẹ́ ọjọ́ 25? Ọjọ́ tó lọ yẹ iṣẹ́ wò, ọjọ́ tó lọ ra èlò, ọjọ́ tó lọ béèrè gbèsè, kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀. Bó bá rí ọjọ́ 14 gbowó lé lórí, ó gbìyànjú. N84,000 nìyẹn. Díẹ̀ ló fi ju N77,000 tí ìjọba Ògùn fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ lọ́dún 2024, kò sì tíì ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ṣọwọ́ fún òṣìṣẹ́. Òfin iṣẹ́ fún un ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà, ó kéré tán, lọ́dún pẹ̀lú owó. Agbaṣẹ́ṣe kò ní ọ̀kan nínú wọn, àfi èyí tó bá fi sínú iye tó pè. N150,000, N15,000 fún ọjọ́ ogbó, àti bíi N45,000 fún epo, ọkọ̀ àti èlò: N210,000. Pín in sí ọjọ́ 14, N15,000 lójúmọ́. Kì í ṣe ojúkòkòrò.

Wọn á ní àwọn ará Ìlaròó kò lè san án. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kó gba iṣẹ́ náà lódindi, kó má ka ọjọ́ fún wọn, kó sì gba owó èlò sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ dẹ́kun pípe ọmọ aládùúgbò wá tún iná ṣe nítorí "ọmọ wa ni", tí ẹ ó fi àdúrà san án.

Ẹni tí ilé iṣẹ́ bá sì fún ní ìwé àdéhùn ọdún kan, kó rántí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ẹni tó ti fọwọ́ sí iye kan ṣáájú ọjọ́ náà ló fi àpò ara rẹ̀ ra epo tó kù. Kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa tún iye náà yẹ̀ wò, kó tó fọwọ́ sí i.