Bí Sítóòfù Bá Ń Rú Èéfín, Atẹ́gùn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ iná ìdáná ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe iná tí ń jó ilé, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó ń bẹ̀rù ìyẹn. Iná tí kò jó dáadáa ni mo ní lọ́kàn. Bí sítóòfù bá ń rú èéfín, tí ó ń kun ìdí ìkòkò ní dúdú, ẹni tí ó ta kẹrosíìnì ni a máa ń dá lẹ́bi, tàbí kí a ní sítóòfù ti gbó. Lójú tèmi, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, atẹ́gùn ni kò rí ọ̀nà wọlé.

Iná ń mí bí ènìyàn ti ń mí. Bí ó bá rí atẹ́gùn tó, epo tàbí èédú a jó tán. Bí kò bá rí i tó, yóò jó lábọ̀-lábọ̀, èyí tí kò jó tán yóò sì di èéfín, dúdú, àti afẹ́fẹ́ olóró kan tí àwọn dókítà ń pè ní kábọ́ọ̀nù monọ́kísáìdì. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ta ojú. Bí ó bá wọ inú ara, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀. Ènìyàn yóò máa mí, ṣùgbọ́n èémí náà kò ní ṣe ara rẹ̀ ní àǹfààní.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí sítóòfù kẹrosíìnì. Ẹ wo ọwọ́ iná rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí ó sì dúró jẹ́ẹ́, kò sí wàhálà. Bí ó bá pọ́n rúsúrúsú, tí ó ga, tí orí rẹ̀ ń rú èéfín, ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kí ó tutù títí ẹ ó fi lè gbé ọwọ́ lé e, kí ẹ sì gbé e lọ sí ìta gbangba. Ẹ yọ agolo oníhò méjèèjì tí ó jókòó lórí àwọn òwú. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ẹ rí lára rẹ̀ yẹn, imú sítóòfù ni wọ́n. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ wọ́n títí ẹ ó fi rí ìmọ́lẹ̀ láti inú ihò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òwú. Èyí tí ó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni yóò máa rú èéfín, nítorí náà ẹ gé wọn kí wọ́n dọ́gba. Èyí tí ó ti kúrú tí kò kan epo mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí tuntun mu epo fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó ṣáná sí i. Bí ẹ bá ń dá agolo padà, ẹ rí i pé ó jókòó dáadáa. Bí ó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kan yóò máa jó dáadáa, apá kejì yóò máa rú èéfín.

Bí iná bá ń ta pàràpàrà, tí ó ń kú tí ó ń jí, omi ni ó wà nínú kẹrosíìnì. Ṣùgbọ́n bí epo bá ń rùn bí bẹntiróòlù, sítóòfù kọ́ ni ẹ máa tún ṣe o. Ẹ má ṣáná sí i rárá. Epo àdàlù tí ń pa ìdílé nìyẹn. Ẹ má sì bu epo sí sítóòfù tí ó ń jó, àní bí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó jinná.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní gáàsì ni kí a máa lò. Òótọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá sọ ní ọdún 2014 pé kẹrosíìnì kò dára fún lílò nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó gáàsì gbọ́dọ̀ jẹun lónìí, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Nítorí ọ̀rọ̀ owó yìí náà ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe padà sí èédú. Bí sítóòfù eléèédú kò bá ràn, ẹ kó eérú ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà kékeré tí ó wà nísàlẹ̀, kí ẹ má sì di èédú lé ara wọn títí kò fi ní sí àlàfo láàárín wọn. Èédú tí ó bá tutù, ẹ sá a sí oòrùn. Ìyẹn kò le.

Èyí tí ó le ni àṣà kan tí mo kórìíra. Àwọn ènìyàn a máa dá èédú ní ìta títí yóò fi pọ́n, wọn a ní, "Kò rú èéfín mọ́," wọn a sì gbé e wọ yàrá nítorí òjò tàbí ọyẹ́, tàbí kí ara ìyá ọlọ́mọ tuntun lè móoru. Wọn a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọn a sùn. Ẹ̀yin ará, èédú tí ó pọ́n ròrò láìsí èéfín ni ó léwu jù, nítorí èéfín ìbá lé yín jáde, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró yẹn kò ní jí yín lójú oorun. Ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò tó. Ìta ni àyè sítóòfù eléèédú, tàbí abẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri. Ẹ̀yin onílé tí ẹ ń gba owó ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lu ògiri náà. Owó bíríkìlà ọjọ́ kan kò ju agbára yín lọ.

Ní dìsípẹ́ńsárì, orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé wá, wọn a sì ti lo oògùn ibà kí wọ́n tó dé. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà, ó dára. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń béèrè bóyá ó ń ṣe gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, àti bóyá ó máa ń fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde sí ìta. Ibà kì í mú bàbá, ìyá àti ọmọ ní wákàtí kan náà kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Aláboyún ni kí ẹ tètè mú wá jù, nítorí ọmọ inú rẹ̀ lè fara gbá a ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá bá ènìyàn nínú yàrá bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé e jáde kíákíá, kí ẹ̀yin náà má pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu. Kò lè lé afẹ́fẹ́ náà jáde, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní ọ́síjìn. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ pé inú yàrá tí iná èédú wà ni ẹ ti gbé e, nítorí ẹ̀rọ kékeré tí a máa ń fi há ìka ọwọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ́síjìn àti afẹ́fẹ́ olóró yìí. Ó lè sọ pé ara ẹni náà dá, nígbà tí kò dá rárá.