Ẹ Má Fi Àga De Ìyá Yín Mọ́lẹ̀

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ọmọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́: ọ̀wọ̀ tí ẹ ń bù fún ìyá ti fẹ́ di ìpalára. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dá, ẹ ó ní, "Màmá, ẹ jókòó." Ó jókòó nídìí ọjà ní Ìyànà-Ìbà, ó délé ní Òkòkòmáíkò, ó tún jókòó.

Ìgbà náà gan-an ni họ́mọ̀nù estrogen ń dínkù lára rẹ̀: ọ̀rá a máa kó sí ikùn, ara kì í fẹ́ gbọ́ ti ìnsúlínì mọ́, àtọ̀gbẹ a sì máa ṣọ́nà. "Ó ti ṣe làálàá tó nígbà èwe," lẹ wí. Ìrìn àná ha lè lo ṣúgà oúnjẹ òní bí? Iṣan tí a lò lónìí ló ń fà á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má sì gbójú lé oògùn estrogen nìkan. Ní 2002, wọ́n dá ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà, nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lo estrogen pẹ̀lú progestin. Dókítà ni kó sọ ẹni tó yẹ fún.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, rìn kánmọ́kánmọ́ lọ́sẹ̀. Ẹ gbé àga tì. Ẹ mú ìyá yín rìn!