Dékódà Kọ́ Ló Bàjẹ́
Ní oṣù kẹrin ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n dídíjítà ní ìlú Jos. Ó dé Èkó ní 2021. Láyé ìgbì àtijọ́, bí ìgbì kò bá lágbára, àwòrán a máa ṣe wínníwínní, síbẹ̀ a ó gbọ́ ìròyìn. Ti dídíjítà kò rí bẹ́ẹ̀: bí ìgbì bá rẹlẹ̀ jù, àwòrán a fọ́ sí wẹ́wẹ́, a sì dá dúró gbagidi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní dékódà ti bàjẹ́, wọn a sì ra òmíràn. Owó gbé! Ìdí wáyà áńténà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bóyá ó tú tàbí ó dípẹtà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí dékódà tún àwọn ìkànnì wá, nítorí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè ti pààrọ̀ ìgbì. Èyí gan-an ni ó yẹ kí ìjọba fi èdè abínibí kọ sínú páálí dékódà kọ̀ọ̀kan.