Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún péájì, ta ló ń bá yín san án?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ẹ̀yin la ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lè dun àwọn kan nínú yín, pàápàá ẹ̀yin onítakisí àti ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tiyín. Ẹ máa bínú sí wa, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán ná.

Abúlé tí a ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kò jìnnà sí péájì kan. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ọ̀nà oko lásán ni ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa kọjá: obìnrin tó ru igi ìdáná, ọmọdé tó ń lọ pọn omi, alùpùpù kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lónìí, bí aago méje àárọ̀ bá ti lù, ọkọ̀ ni. Takisí tó kó èèyàn mẹ́jọ sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, bọ́ọ̀sì, kámíọ̀n tó ru ẹ̀gẹ́ títí ó fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n á yà kúrò lójú ọ̀dà kí wọ́n tó dé péájì, wọ́n á la abúlé kọjá, wọ́n á tún yọ sójú ọ̀dà níwájú. Eré ni wọ́n sì ń sá, nítorí ẹni tó ń sá pamọ́ kì í rọra rìn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku pupa máa ń bo pátákó wa débi pé a gbọ́dọ̀ nù ún kí a tó kọ ọjọ́ òní sí i. Nígbà òjò, kòtò tí táyà wọn gbẹ́ máa ń kún fún omi, ọlọ́kadà tó bá ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn á sọ̀ kalẹ̀, á máa ti alùpùpù. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ kan gbá ọmọ kan ní kíláàsì CE1 wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Awakọ̀ náà kò dúró. Báwo ni yóò ṣe dúró? Bó bá dúró, wọ́n á bi í pé kí ló gbé e dé ọ̀nà yẹn. Ọmọ náà ti padà sí kíláàsì, ó ń tiro.

Owó oúnjẹ ọ̀sán ẹnì kan ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí.

Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Onítakisí ti ka owó péájì mọ́ owó ọkọ̀ tí ẹ san ní gáréjì. Bó bá gba ọ̀nà oko, ṣé ó ń dá a padà fún yín? A bi ọ̀kan léèrè rí, ó ní kí a má ṣe òun bí ọmọ ilé ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé wa pàápàá ti gbọ́n: wọ́n fi ọparun dábùú ọ̀nà náà, wọ́n ń gba 100 fáráǹkì lọ́wọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó sá fún péájì tún bọ́ sí péájì! Awakọ̀ á san án, á máa bú wọn ní olè. (A ti bá àwọn ọ̀dọ́ náà wí, torí kòtò kan ṣoṣo wọn ò fi owó yẹn dí. Ọtí ni wọ́n ń fi rà.)

Àwọn kan á ní ìyà òyìnbó ni péájì, ìjọba ló kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ mọ́ àwọn baba wa. Àwọn ìlú Yorùbá ní oníbodè kí òyìnbó tó dé. Ẹlẹ́rù tó bá fẹ́ kọjá á san ohun tó yẹ kó san. Àkàbà Ìdẹ̀nà ṣì wà ní Kétu títí dòní, ẹ lọ wò ó kí ẹ tó sọ pé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń ṣọ́ jẹ́ àjèjì sí wa.

Àwọn mìíràn á ní a ti san owó ọ̀nà nínú owó epo. Epo wo? Kpayo tí a ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà? Fàyàwọ́ ni, kò san owó orí fún ẹnikẹ́ni. Àwa náà ń rà á, a ò ní ṣe bí ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra kpayo, tó tún gba ọ̀nà oko kọjá péájì, kí ló ti san lórí ọ̀dà tó ń tẹ̀? Ẹ tún má sọ pé kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀ bí Ọbásanjọ́ ti wó péájì ìjọba àpapọ̀ ní Nàìjíríà ní 2004. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìdí-Ìrókò lọ sí Ọ̀tà lè sọ fún wa bóyá wíwó náà tún ọ̀nà ṣe.

Ṣùgbọ́n o, a ò wá gbèjà ìjọba. Ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn wa ní sí péájì, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́.

Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnù, tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gba Ẹkpẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kọjá níwájú péájì. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì péájì Díhò, lápá Ṣábẹ̀ẹ́, kì í ṣe arìnrìn-àjò, oko ló ń lọ. Kí ni a fẹ́ kí irú wọn san? Iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń kọjá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún? Àwa tí a fi Faransé kọ́ ìwé mọ̀ pé ilẹ̀ Faransé, tí a fẹ́ràn láti máa wò kọ òfin wa, ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1974, Conseil d'État dá ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn lọ sí erékùṣù Île de Ré: wọ́n ní ó tọ́ kí àwọn tó ń gbé erékùṣù náà san owó tó kéré. Àwọn méjì tó pe ẹjọ́ ní ilé ìsinmi níbẹ̀, wọ́n fẹ́ jẹ nínú ẹ̀dínwó náà. Ilé ẹjọ́ ní ilé ìsinmi kò sọ ènìyàn di ará erékùṣù. Ní 1979, Conseil constitutionnel ní gbígba owó lórí afárá kò tako òmìnira àtilọ àtibọ̀, àti pé wọ́n lè dín in kù fún àwọn tó ń gbé ní ẹkùn tí afárá náà so pọ̀. Kí ló wá dé tí a fi da péájì kọ, tí a ò da ẹ̀tọ́ aládùúgbò kọ mọ́ ọn?

Ọ̀rọ̀ kámíọ̀n náà wà níbẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1950, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ dán ọ̀nà wò ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé bí ẹrù tó wà lórí ásì kan bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe sí ọ̀nà á tó ìlọ́po 16. Ẹ ṣírò rẹ̀: 2 ní ọ̀nà 2 ní ọ̀nà 2 ní ọ̀nà 2. Àwọn ọmọ CM2 wa lè ṣe é. UEMOA ti ṣe òfin lórí ìwọ̀n ẹrù láti 2005, síbẹ̀ ẹ wo kámíọ̀n tó ń kọjá. Ọkọ̀ kékeré tí ìyá alátà wọ̀ kọ́ ló ń fọ́ ọ̀dà. Àwọn ọ̀gá tó ń fi fèrè kọjá ńkọ́? Ẹ ti rí èyí tó dúró na owó rí? Àwa ò tíì rí i.

Gbogbo èyí ni kí a gbé lọ bá mairie, kí a gbé e bá àwọn aṣòfin nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò. Awakọ̀ tó gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa kò gbé ẹ̀sùn kankan lọ bá ẹnikẹ́ni. Ìjọba kò mọ̀ pé ó bínú. Ọmọ tó ń tiro nìkan ló mọ̀.

Àwa olùkọ́ àti àwọn òbí ti kọ lẹ́tà sí mairie. Ohun méjì la béèrè: kí wọ́n ri òpó mọ́ ẹnu ọ̀nà náà kí alùpùpù àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lè kọjá, kí wọ́n sì bá wa bèèrè káàdì ẹ̀dínwó fún àwọn abúlé tó yí péájì ká. Baálẹ̀ ti tẹ̀ka sí i. Bàbá ọmọ CE1 náà, onítakisí lòun fúnra rẹ̀, ti fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ó ní kí a má bi òun iye ìgbà tí òun ti gba ọ̀nà yẹn rí. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la ó gbé lẹ́tà náà lọ. Ẹ̀yin tí abúlé yín wà nínú irú èyí, ẹ sọ fún wa, a ó fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ fi kọ tiyín.